Aago Àárín Àbẹ́là

Nígbà tí aago oníbátìrì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbòde, mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń tún aago ṣe ní Ìkòtún, nígbà tí ìyá aláṣọ funfun kan wọlé láìwọ bàtà.

"Aago ọwọ́ mi yìí tún ti ń fà sẹ́yìn o! Èmi ni mò ń lu agogo àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ṣé ayédèrú bátìrì lo fi sí i ni?"

"Màmá, bátìrì kọ́. Òkúta kékeré kan ló ń gbọ̀n nínú ẹ̀. Bó ṣe ń gbọ̀n ló fi ń ka àkókò. Tí ooru bá ti pọ̀ jù, á máa lọ́ra. Ibo lẹ̀ ń gbé e sí?"

"Orí pẹpẹ, láàárín àbẹ́là. Kó lè gba agbára."

"Háà! Ẹ so ó mọ́wọ́ yín, jàre. Ara èèyàn ló bá a mu."

Ìyá ò jókòó. Ó ń lọ, ó ń bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Á jẹ́ pé ní gbogbo ìgbà tí mo bá lu agogo, àkókò ti kọjá, àwọn áńgẹ́lì ti dé ṣáájú wa?"

"Wọ́n á dúró dè yín, Màmá."

"Ní Èkó yìí? Ta ló ń dúró de èèyàn?"