Àpò Ìrìnàjò Tí Nọ́ọ̀sì Gbé Wá Fún Mi Rán

Dúró níbẹ̀. Má fọwọ́ kan àpò yẹn. Àbúrò mi ni ọ́, ọmú kan náà la jọ mu, ṣùgbọ́n lónìí yìí wàá jókòó sórí àga tí àwọn oníbàárà mi ń jókòó sí, wàá sì gbọ́ mi dé òpin. Mo mọ̀ pé òwúrọ̀ ọ̀la ni ọkọ̀ rẹ ń lọ. Ṣé o rí i pé mo mọ̀? Má wo ẹnu ọ̀nà. Mo ti ti ilẹ̀kùn, mo ti pa máṣíìnì, kí ariwo rẹ̀ má baà bo ohùn mi.

O gbé àpò wá fún mi lánàá, o ní síìpù ti já, o ní kí n bá ọ fi òmíràn sí i. O gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, o rẹ́rìn-ín, o sì lọ. Ó yà mí lẹ́nu, Nọ́ọ̀sì. Ta ni kò mọ̀ pé kí abẹ́rẹ́ mi tó kan ohunkóhun, mo máa ń yí gbogbo àpò ara rẹ̀ síta ni? Ogójì ọdún ni mo ti ń ṣe é. Kọ́kọ́rọ́ táwọn èèyàn gbàgbé sínú àpò ṣòkòtò ti kán mi lábẹ́rẹ́ kọjá kíkà. Ìwọ fúnra rẹ lo máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo ń tú àpò oníbàárà bí ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè. Nínú gbogbo aránṣọ tó wà nílé ayé, èmi lo wá gbé e fún. Ó dá mi lójú pé Ọlọ́run ló mú kí o gbàgbé fún ìṣẹ́jú kan, kí n lè rí ohun tí mo rí.

Ìwé kan ló wà nínú àpò ẹ̀gbẹ́. Bírò pupa. Kí n tó tú u ni mo ti mọ ọwọ́ tó kọ ọ́, nítorí tíṣà kan ṣoṣo ni mo bí, bírò tó fi ń máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ náà ló fi ń kọ gbogbo nǹkan. Ó kọ ọ́ gàdàgbà-gàdàgbà, torí ó mọ̀ pé ojú rẹ ò ríran rí lẹ́tà wẹ́wẹ́ orí fóònù mọ́. Mo rò pé nǹkan tó ní kí o fún mi mú dání ni, nígbà tí mo bá ń lọ bá a tọ́ àwọn ìbejì tó fẹ́ bí. Mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo kà á: “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú tẹmómítà yín dání. Ẹ mú sálúbàtà tí kì í dún nílẹ̀. Ẹ mú awò ojú yín méjèèjì, kí ẹ má wá fi ọ̀kan sílẹ̀.” Mo ń kà á, mo ń sọ nínú ara mi pé ah, Àdàbà ọmọ mi ní kí Nọ́ọ̀sì náà wá kí wọn, inú rere nìyẹn, ilé á kún.

Mo wá dé ìsàlẹ̀.

Ṣé kí n kà á fún ọ? O mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ tó kọ sórí rẹ̀ fi hàn pé ó ti wà lọ́wọ́ rẹ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ó dára, n óò kà á, kí o gbọ́ bó ṣe ń dún lẹ́nu ẹni tí wọ́n kọ ọ́ nípa rẹ̀. “Ẹ̀yin ni kí ẹ wá bá mi tọ́ àwọn ọmọ. Ẹ má tíì jẹ́ kí Màámi gbọ́. Mo bẹ̀ wọ́n pẹ̀lú omijé pé kí wọ́n má sọ fún ẹnikẹ́ni, ìyàwó pásítọ̀ sì ti pè mí pé mo kú oríire. Wọ́n tún ti sọ ọ́. N kò lè gbé e mọ́, Àǹtí. Tí wọ́n bá wà nílé, gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí mi, ìjọ ni yóò kọ́kọ́ gbọ́.”

Wọ́n tún ti sọ ọ́. Èmi ni “wọ́n” yẹn.

Kí lo ń wí? O fẹ́ sọ fún mi? Nígbà wo? Ọjọ́rú tó kọjá ńkọ́? Jẹ́ kí n rán ọ létí Ọjọ́rú. Nínú yàrá yìí kan náà, mo gbé ìrọ̀rí sí apá ọ̀tún, mo gbé ìrọ̀rí sí apá òsì, mo ń kọ́ bí n óò ṣe máa dìde lórí àga pẹ̀lú ọmọ méjì lọ́wọ́, èmi ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, orúnkún mi ń ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Ta ló di ìgbọ̀nwọ́ mi mú? Ta ló ń sọ pé “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹsẹ̀ ni kí ẹ fi tì, ẹ má fi ẹ̀yìn gbé e”? A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ìrọ̀rí kan já bọ́, o ní àbúrò ti ṣubú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wò ó. Ìwé yẹn ti wà nínú àpò rẹ lọ́jọ́ náà, àbúrò mi. O ń kọ́ mi ní iṣẹ́ tí o ti gbà lọ́wọ́ mi. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú ló wá fi ata sẹ́nu, ó sì rọra ń fẹ́ ẹ bọ̀ wá sínú ojú.

Má sọ̀rọ̀ ọdún mẹ́ta sẹ́yìn sí mi. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ lo máa lọ. N óò gbé ara mi débẹ̀, kò di ìgbà tí o bá wọ́ mi.

Bẹ́ẹ̀ ni, mo ṣẹ̀. Nígbà tí Àdàbà lóyún àkọ́kọ́, oṣù kejì, mo bọ́ síwájú ìjọ, mo gba máìkì, mo jẹ́rìí. Mo fò sókè. Mo rò pé ọpẹ́ ni mo ń dá, n kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ ni mo ń ná. Oyún náà bàjẹ́ lọ́sẹ̀ kẹta sí i. Fún oṣù mẹ́fà gbáko làwọn èèyàn fi ń dá ọmọ mi dúró lójú ọ̀nà pé ìyá ọmọ, ìkókó ńkọ́, yóò sì ní láti tún un sọ, ó ń tún un sọ fún ẹni tó ń ta búrẹ́dì, ó ń tún un sọ fún oníṣẹ́ iná, títí ó fi kó kúrò nílùú yìí. Ẹnu mi ló lé ọmọ mi lọ. Ṣé o rò pé n kò mọ̀? Lórí ilẹ̀ yẹn, níbi tí ẹsẹ̀ rẹ wà, ni mo ti kúnlẹ̀ tí mo sọ fún Ọlọ́run pé kó fi ẹ̀ṣọ́ sí ètè mi, kó má ṣe jẹ́ kó sùn.

Ẹ̀ṣọ́ náà ò sì sùn. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Kò sùn.

Nígbà tí Àdàbà pè mí ní oṣù márùn-ún sẹ́yìn pé dókítà rí ọmọ méjì nínú àwòrán, ó ní, “Màámi, ẹ̀yin àti Àǹtí nìkan ni mo sọ fún. Ẹ fi Ọlọ́run bo èyí mọ́lẹ̀ fún mi.” Mo ní, “Ó ti parí.” Mo rán ẹnu mi pa. Wọ́n ń pe àwọn ẹlẹ́rìí síwájú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, èmi tí wọ́n ń pè ní ìyá ìjọ, mo di bẹ́ǹṣì mú bí ẹni tí ìjì fẹ́ gbé lọ. Ayọ̀ ń hó nínú mi, mo dé e pa. Mo ń rán aṣọ ìkókó níbi tí gbogbo ayé ti ń wọlé tí wọ́n ń jáde, méjì, méjì, àwọn oníbàárà ń bi mí pé ta ló ni ín. Ọjọ́ kan, oníbàárà kan ò gbà láti lọ, mo ní fún àwọn ọmọláńgidi ni. Ó wò mí. Ó ní, “Ìyá Aránṣọ, ọmọláńgidi wo ló ń lo ìlédìí?” Mo ní àwọn ti òde òní ni. Mo purọ́, Nọ́ọ̀sì. Nítorí ọmọ mi, mo fi irun ewú purọ́ lójú Ẹlẹ́dàá mi, mo sì lọ bẹ̀ Ẹ́ nínú yàrá, torí n kò lè jẹ́wọ́ irọ́ náà fún ẹnikẹ́ni láìsọ òtítọ́ tó bò.

Wo inú agbọ̀n yẹn. Má dìde, wò ó láti ibi tí o wà. Ìlédìí mẹ́rìnlélógún. Aṣọ àtijọ́ ara mi ni mo gé sí i, èyí tí fífọ̀ ti sọ di ohun rírọ̀, torí aṣọ tuntun a máa le lára ọmọ tí kò tíì gbó. Ẹ̀wù kékeré méjìlá, gbogbo wọn pátá, ojú rírán wọn ló wà níta. O fi mí rẹ́rìn-ín, o ní mo ti ń darúgbó, mo ń rán aṣọ sódì. Mo ní rárá, ibi tó ń gúnni nínú aṣọ, ìta ni kó kọjú sí, kí ó má kan ara ọmọ. O ní “Ẹ̀gbọ́n mi, ọgbọ́n yín ò lópin.” O sọ bẹ́ẹ̀. Ìwé ti wà lápò rẹ.

Nígbà tí mo ka ìwé yẹn tán lánàá, o mọ ohun tó kọ́kọ́ wá sọ́kàn mi? Èmi fúnra mi ni mo kọ́kọ́ fura sí. Mo jókòó, mo ń wádìí ara mi bí ọlọ́pàá. Ṣé mo sọ ọ́ lójú oorun ni? Àbí mo gbàgbé ara mi nínú àdúrà tí ohùn mi ròkè? Mo ń ka gbogbo ẹni tó ti wọ yàrá yìí. N kò ronú kàn ọ́. Ọlọ́run gbọ́, orúkọ rẹ ò wá sí mi lọ́kàn.

Ìyàwó pásítọ̀ wá láàárọ̀ yìí. Ó wá wọ ẹ̀wù rẹ̀ wò. Mo kúnlẹ̀ nídìí ẹ̀wù náà, mo ń ká etí ìsàlẹ̀ rẹ̀, píìnì mẹ́rin wà láàárín ètè mi. Ó tẹ̀ síwájú, ó sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó ní, “Ìyá, ẹ kú ìfaradà o. Ẹ ò tiẹ̀ mí sí wa nípa àwọn ìbejì. Bí kì í bá ṣe Nọ́ọ̀sì tó ní kí n máa rántí wọn ládùúrà, ibo ni mi ò bá ti gbọ́?” Ó ní inú òun dùn, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ lòun ti wá nọ́ńbà ọmọ náà rí tí òun fi kí i.

Píìnì mẹ́rin lẹ́nu mi. Mo gún etí aṣọ náà yípo, mo mú un dọ́gba, mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ni mo wá rí i pé ọ̀kan nínú píìnì náà ti gún mi lẹ́nu, ẹ̀jẹ̀ sì ti wà léyín mi.

Má sunkún. Má tíì sunkún, èmi ni mo ni ẹkún ọjọ́ òní. Mo mọ̀ pé o ò gbèrò ibi. Àdúrà lo wá fún un, ẹ̀rù bà ọ́, ìwọ tí o ti gbẹ̀bí ọgọ́rọ̀ọ̀rún, o mọ ohun tí ìbejì lè mú wá, ara rẹ ò sì gbà á, o sọ ọ́. Mo lè dárí ìyẹn jì ọ́ kí o tó mí lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹni tó ti gba máìkì rí kò lẹ́nu láti bú ẹni tó sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ẹyin lohùn, tèmi ti bọ́ rí, ó sì fọ́.

Ṣùgbọ́n tìrẹ bọ́, o sì kó èèpo rẹ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà mi. Ọmọ mi kọ̀wé sí ọ pé èmi ni, o kà á, o ká a, o fi í sápò. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Gbólóhùn kan péré ni ì bá gbà ọ́: “Èmi ni, ìyá rẹ kọ́.” O ò rí i sọ. Ẹnu tó yá tó bẹ́ẹ̀ níwájú ìyàwó pásítọ̀ wá di ẹnu odi. Ẹ̀ṣẹ̀ àtijọ́ mi lo wọ̀ bí ẹ̀wù tó bá ọ mu, o sì fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ sẹ́nu ọ̀nà ọmọ mi, kí o gba àwọn ọmọ náà mọ́ra, kí n máa rò nílé níbí pé ẹnu mi tún ti bà á jẹ́. Ṣé mo sì lè pe ọmọ náà fúnra mi? Bí mo bá ní èmi kọ́, kò ní ju kó ní bẹ́ẹ̀ ni Màámi ṣe máa ń sọ.

O ní kí n fọkàn balẹ̀, pé bí àwọn ọmọ bá ti délẹ̀ ní àlàáfíà, wàá wá àsìkò, wàá sọ fún un? Rárá o. Nígbà yẹn wọ́n á ti mọ òórùn ara rẹ. Ọwọ́ rẹ ni omi àkọ́kọ́ á ti kan orí wọn.

Wò ó, síìpù náà nìyẹn. Mo ti rán ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kejì ṣì là sílẹ̀. N kò fi lílọ dù ọ́. Bí Àdàbà bá gbọ́ òtítọ́ tán, tó sì ní ìwọ lòun ṣì fẹ́, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, mo ti dá a lóró rí. N óò jókòó, n óò rán ẹ̀gbẹ́ kejì, ọwọ́ ara mi ni n óò fi to ìlédìí mẹ́rìnlélógún àti ẹ̀wù méjìlá sínú àpò rẹ, n óò sìn ọ́ dé ìdí ọkọ̀, o ò sì ní gbọ́ ìráhùn lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí ó jẹ́ pé ó mọ ẹni tó ń yàn àti ẹni tó ń kọ̀.

Aago méjì ti lù, wọ́n ti jáde níléèwé, Àdàbà yóò ti wà nílé báyìí, yóò ti gbé ẹsẹ̀ lé àpótí. Fóònù rẹ ń bẹ lọ́wọ́ rẹ. Má mú un lọ ságbàlá, má lọ sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀, ojú mi níbí ni kí o ti sọ ọ́. Má fi àdúrà bẹ̀rẹ̀, má fi ìtàn bẹ̀rẹ̀. Yí padà lójú ọ̀nà tí o ń lọ yẹn, ọmọ ìyá mi, ọ̀nà náà ò tíì jìn. Pe ọmọ mi. Sọ fún un pé ìwọ ni.