Ọparun Tí Mo Rì Sínú Adágún Omi

Ògo fún Ọba tó mọ ìsàlẹ̀ omi! Ẹ bá mi gbé E ga, ẹ̀yin ará. Mo ní kí ẹ bá mi gbé E ga, nítorí ọpẹ́ yìí wúwo fún ẹnì kan ṣoṣo.

Èmi Jósẹ́fù, àgbẹ̀ ọ̀pẹ, ni mo dúró níwájú yín. Ìwé mi kò pọ̀. Ọdún méjì péré ni mo lò nílé ẹ̀kọ́ kí bàbá mi tó pè mí padà sóko. Nítorí náà, ó ti pẹ́ tí mo ti ń to ọ̀rọ̀ yìí sínú, kí n má baà ṣì í sọ. Síbẹ̀, bí mo ṣe dúró yìí, n kò mọ̀ bóyá ọpẹ́ ni mo wá dú, tàbí ẹjọ́ ni mo wá rò. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ méjèèjì.

Gbogbo yín mọ adágún omi ọ̀nà Ìsàbà, tí ìjọba ní kí a gbẹ́ lọ́dún kejì tí òyìnbó fi ilẹ̀ wa sílẹ̀ fún wa. Mo wà lára àwọn tó gbẹ́ ẹ. Èmi ni mo wà lápá ibi tí oòrùn ti ń wọ̀, níbi tí ìsun omi ti tú jáde sí wa lẹ́sẹ̀. Ó tutù débi pé a kò lè dúró nínú rẹ̀ pẹ́. Nígbà tí a mọ odi dí odò, tí omi kún, ibẹ̀ ló jìn jù.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀, mo sì mọ ìwà rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, òtútù rẹ̀ dọ́gba lókè nísàlẹ̀; ẹni tó bá wọ̀ ọ́ yóò tètè jáde fúnra rẹ̀. Nígbà òjò, ó máa ń pọ́n, ènìyàn kì í rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà ooru, kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, ló burú jù, nítorí ìgbà náà ló dára lójú jù. Omi òkè a lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun. Bí ẹsẹ̀ bá wá sọ̀kalẹ̀ tó ìdúró ọkùnrin kan, òtútù ibẹ̀ yóò gbá a mú, iṣan rẹ̀ yóò sì há. Etí odò tó ń ṣàn ni wọ́n bí àwọn ènìyàn wa sí. Wọn kò mọ omi tó dúró.

Mo sọ fún wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi ní kí n fi wọ́n sílẹ̀, kí omi fúnra rẹ̀ kọ́ wọn. Ọkàn mi kò gbà. Mo gé ọparun, mo rì í síbi tí ọ̀gbun náà ti bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá kọ ìwé síbẹ̀, ta ni yóò kà á? Èmi gan-an kò ní lè kọ ọ́ tán. Mo so àkísà pupa mọ́ ọn, mo so ṣùkù àgbàdo méjì mọ́ àkísà, kí ojú lè tètè rí i. Ohun tí gbogbo wa fi ń sọ pé kí ẹnikẹ́ni má kọjá nìyẹn. N kò pe ọfọ̀ kankan sí i. Olúwa, Ìwọ mọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà ooru tó kọjá, Sámúẹ́lì aránṣọ lọ lúwẹ̀ẹ́ pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Àbúrò Alàgbà Sakaríà ni, Alàgbà tó jókòó níwájú níbẹ̀ yẹn. Mo wà lórí odi, mo ń gé koríko ewúrẹ́. Mo rí i tó kọjá ọparun mi. Mo ké sí i pé kó yà kúrò níbẹ̀.

Ó ní, “Bàbá Olómi, ṣé ẹ ti rà á ni?”

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Kí ẹ̀rín náà tó tán, a kò rí orí rẹ̀ mọ́.

Èmi ni mo wọ omi. Èmi ni mo fà á jáde. Ó ń mí, ṣùgbọ́n kò lè sọ̀rọ̀, wọ́n sì gbé e lọ sílé ìwòsàn ní Pobẹ̀.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti ní mo fi ààlè sómi, pé ààlè náà ló mú un. Alàgbà Sakaríà, tí mo ń pè ní fofó bí a ti ń pe ẹ̀gbọ́n, bi mí ní ìbéèrè kan níwájú ìjọ: “Jósẹ́fù, bí kì í bá ṣe ìwọ lo gbé òtútù síbẹ̀, báwo lo ṣe mọ̀ pé ó wà níbẹ̀?”

Ẹ̀yin ará, mo dáhùn pé mo mọ̀ nítorí pé mo gbẹ́ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń sọ ọ́, ó ń dún bí irọ́ létí èmi fúnra mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi bóyá mo ṣe ohun tí n kò mọ̀. Ìjọ gba sùtánà, aṣọ àdúrà mi, lọ́wọ́ mi. Àwọn jandáàmù, ọlọ́pàá ìjọba, fa ọparun náà tu, wọ́n sì fi mí sí àtìmọ́lé. Ọ̀gá wọn bi mí léèrè ní Faransé, ògbufọ̀ yí i sí èdè Gùn, mo fi èdè tiwa dáhùn. N kò mọ ohun tó kù nínú ọ̀rọ̀ mi kó tó dé orí ìwé.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo lò níbẹ̀. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, Olúwa la ẹnu Sámúẹ́lì. Ògo ni fún Un! Ó sọ fún dókítà pé kò sẹ́ni tó mú òun, pé òkè omi gbóná, ìsàlẹ̀ rẹ̀ dà bí yìnyín, ẹsẹ̀ òun sì há.

Dókítà náà fúnra rẹ̀ wá bá ọ̀gá jandáàmù, wọ́n kó gbogbo wa lọ sétí omi. Ó so òkúta àti okùn mọ́ ìgò, ó so okùn mìíràn mọ́ ìdérí rẹ̀. Wọ́n fi ọkọ̀ gbé e dé ibi ọ̀gbun, ó sọ ìgò náà sísàlẹ̀, ó fa ìdérí yọ, ó sì fà á padà wá. Ó da omi inú rẹ̀ sí Alàgbà Sakaríà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ó bu omi òkè, ó dà á sí i lọ́wọ́ òsì.

Ó bi í pé, “Bàbá, ṣé bákan náà ni?”

Alàgbà wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì títí. Ó ní, “Kì í ṣe bákan náà.”

Dókítà ní oòrùn kì í dé ìsàlẹ̀ yẹn ni, àti pé ó yẹ kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n tú mi sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo dúpẹ́, Olúwa. Mo tún dúpẹ́.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń dà mí lọ́kàn rú kò tíì tán. Wọ́n dá sùtánà mi padà nípasẹ̀ ìyàwó mi, láìsọ ọ̀rọ̀ kan. Sámúẹ́lì wá dọ̀bálẹ̀ nílé mi, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ṣì ń gbé garawa wọn kúrò nílẹ̀ bí mo bá dé etí omi. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé ìgò náà fi hàn pé òtútù wà níbẹ̀, kò fi ẹni tó gbé e síbẹ̀ hàn. Kí ni kí n fi dá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lóhùn? Ta ló gbé e síbẹ̀, bí kì í ṣe Ọlọ́run?

Ooru ti tún dé. Omi náà ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò sì sí àmì kankan níbẹ̀. Mo ti gé ọparun mìíràn, ó wà níta, ṣùgbọ́n n kò ní dá a rì. Níwájú ìjọ ni a ti fi ẹ̀sùn kàn mí. Níwájú ìjọ ni mo fẹ́ kí a ti wẹ̀ mí mọ́. Kí Alàgbà gbé orí ọparun náà, kí èmi gbé ìdí rẹ̀, kí a jọ rì í lójú gbogbo yín.

Ìwọ tí wọ́n ń fi ẹ̀sùn ohun tí o kò ṣe kàn, má sá kúrò nílùú. Kódà bí ọ̀rọ̀ ara rẹ bá ń dún bí irọ́ létí rẹ, tún un sọ. Ẹni tó la ẹnu Sámúẹ́lì ṣì wà láàyè. Ọpẹ́ ni fún Un láéláé.

Fofó, mo ń dúró dè yín lẹ́nu ọ̀nà.