Ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà Nínú Ṣọ́ọ̀ṣì

Ìgbà tí mo ṣì wà lọ́mọdé l'Ébúté Mẹ́ta… Bùkọ́lá, dákẹ́ ná. Torí Tọ́lá ọmọ ẹ ní òun fẹ́ fi yunifásítì sílẹ̀ lọ kọ́ ijó, lo ṣe ń pariwo tí gbogbo Thamesmead ní London níbí fi ń gbọ́? Tọ́lá, ìwọ náà jókòó. Ẹ gbọ́.

Ìyá tó bí bàbá mi ló tọ́ mi. Aládùúrà paraku! Aṣọ funfun, ẹsẹ̀ lásán. Bí mo bá ju ìdí pẹ́nrẹ́n, ìgbátí ni. 'Ṣé ọmọ tíátà ni ẹ́ ni?' Ohun tó máa ń wí nìyẹn. Àmọ́ tórin bá wọ̀ ọ́ lára ní ṣọ́ọ̀ṣì… háà! Á gbẹ́sẹ̀ sókè dé àyà, á fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ pòòyì. Ta ló rí irú ẹ̀ rí? Ìjọ á kígbe, 'Ẹ̀mí ti gbé Màmá!' Wòlíì á ní ká dákẹ́, kóun lè gbọ́ ohun tí ẹsẹ̀ náà ń sọ. Ẹ ò ráyé!

Ọjọ́ ìkórè kan, bàbá arúgbó kan wá, àlejò ni, ó ti ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi rí. Bí Màmá ṣe bẹ̀rẹ̀ ijó báyìí, bàbá yìí fò dìde, ó káwọ́ lérí. 'Àbẹ̀ní! Àbẹ̀ní oníjó, tíátà Woolwich! Ojú mi yìí ló ṣe!'

Agogo dákẹ́. Ẹnu mi ò lè padé. Ìyá àgbà mi? Lórí ìtàgé? Pẹ̀lú itan níta, lójú òyìnbó?

Kò sẹ́. Ó ní, 'Èmi ni. Wọ́n kó wa lọ ṣeré ní London nígbà èwe mi. Ẹsẹ̀ tí mo fi jó fún wọn náà ni mo fi ń jó fún Ọlọ́run. Kò fún mi ní òmíràn.'

Lójú gbogbo ìjọ ni wòlíì ti tú àmùrè tí Màmá ń sán gẹ́gẹ́ bí àgbà ìjọ kúrò nídìí ẹ̀. Wòlíì kan náà o! Ẹ̀yìn ni Màmá ń jókòó láti ọjọ́ yẹn. Tórin bá ń lọ, ẹsẹ̀ ẹ̀ á máa gbọ̀n lábẹ́ bẹ́ǹṣì, á fọwọ́ tẹ orúnkún mọ́lẹ̀. Títí ó fi kú. Lónìí ńkọ́? Pásítọ̀ ń jó nínú fóònù, ẹ̀ ń ṣe àmín.

Ìgbà tí mo dé Woolwich, mo wá tíátà náà lọ. Wọ́n ní wọ́n ti wó o tipẹ́. Mo dúró síbẹ̀, mo ń sunkún, bọ́ọ̀sì fi mí sílẹ̀ lọ.

…Kí lo wí? 'Mummy, ṣé kó fi uni sílẹ̀ lẹ̀ ń sọ?' Èmi ò mọ̀ nípa uni. Ìwọ sáà wo abẹ́ tábìlì yẹn. Wo ẹsẹ̀ ọmọ ẹ bó ṣe ń gbọ̀n. Wo ibi tó fọwọ́ sí.

Bùkọ́lá, jọ̀ọ́, bá mi gbé ọwọ́ ọmọ yẹn kúrò lórí orúnkún ẹ̀.