Inú Tárà Tí Mo Fi Sílẹ̀ Lófìfo

Olórí ẹgbẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n tú ká. Ẹ̀yin ará àgbàlá tí ẹ jókòó sórí ẹní yìí, ẹ fetí sí mi. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́nà ọ̀fun mi tí mo ti ń gbé mì látìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú. Tí mi ò bá sọ ọ́ báyìí, kò sí ìwúlò tó tún máa ní mọ́, nítorí òkú kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Rúpà wá síbí láàárọ̀ yìí, ó kúnlẹ̀ fún yín, ó ní kí ẹ wá bá òun gbé òkú Késhárì, ìyá òun, lọ sétí odò tí a ti ń sun òkú. Ẹ dá a lóhùn pé orúkọ Késhárì kò sí nínú ẹgbẹ́ agbókùú wa mọ́, pé ẹni tó bá tú inú ère Ìyá wa Tárà jí nǹkan kó kì í ṣe tiwa. Gbogbo yín lẹ mi orí. Èmi náà mi orí, àgbàlagbà bíi tèmi! Ẹ gbọ́ o: Késhárì kò tú inú Tárà rí láyé rẹ̀. Èmi Tej Ratna tí ẹ fi jókòó sókè láàárín àwọn àgbà, èmi ni olè tí ẹ ń wá.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà á rántí ìgbà tí a gbé Tárà inú àgbàlá wa wá sí ilé mi. Wúrà ara rẹ̀ ti ṣí, bàbà ti ń yọjú, ẹ sì ní kí n fi wúrà tuntun lé e. Àlùfáà ṣe bó ṣe yẹ kó ṣe: ó pe Ìyá jáde kúrò nínú ère, ó gbà á sínú ìkòkò omi, ó dé ìkòkò náà, kí ohun tó bọ́ sọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ lè jẹ́ bàbà lásán títí tí iṣẹ́ á fi parí. Mo jókòó ti ère náà pẹ́ kí n tó dáná rárá. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ nà sílẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ kọjú síta, nítorí pé ó ń fúnni ni, kò di ohunkóhun mú fún ara rẹ̀. Ọwọ́ òsì gbé òdòdó òṣíbàtà sókè, òdòdó tó ti inú ẹrẹ̀ jáde tí ẹrẹ̀ kò sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹsẹ̀ òsì ká wọlé bíi ti ẹni tó ń ṣàṣàrò, ṣùgbọ́n ti ọ̀tún nà kúrò lórí ìjókòó, nítorí bí ẹni tí ìyà ń jẹ bá ké pè é, kò gbọdọ̀ pẹ́ kó tó dìde. Bàbá mi nà mí nítorí ẹsẹ̀ yẹn nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́. Ó ní, "Tej, ẹsẹ̀ tí o mọ yìí ti jókòó pa. O ti sọ Ìyá di arọ nìyẹn."

Ìgbà yẹn ni Purna Man yọjú. Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹni tó máa ń ra ère lọ́wọ́ wa tà fún àwọn àjèjì, òun náà ti kú báyìí. Ó yí Tárà ká, ó pòṣé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n Tej, ẹ jẹ́ ká má tan ara wa jẹ. Kò sí ẹni tó wà láyé lónìí tó lè ṣe irú ọwọ́ yìí. Ẹ̀yin náà ń gbìyànjú o, àmọ́ tiyín dára fún ìdè ìlẹ̀kùn."

Mo ní, "Èmi lò ń sọ fún bẹ́ẹ̀, Purna?"

"Ẹ má bínú. Ẹ ṣáà ṣe é kí n rí i."

Bó ṣe mú mi nìyẹn, bí ẹni mú adìẹ. Mo fi ìda mọ ère mìíràn tó jọ ọ́ gẹ́lẹ́, mo fi amọ̀ bò ó, mo yọ́ ìda kúrò, mo da bàbà sínú rẹ̀. Nígbà tí mo fọ́ amọ̀ tí mo sì fi wúrà lé méjèèjì, mo gbé wọn síwájú ìyàwó mi, Nani Maya. Ó wò wọ́n títí, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Baálé mi, èwo ni Ìyá níbẹ̀?" Orí mi wú. Purna Man kò tiẹ̀ jẹ́ kí orí náà wálẹ̀ tó fi ní, "Ẹ gbé tuntun padà fún wọn. Ṣebí inú ìkòkò omi ni Ìyá wà? Bàbà lásán ni màá gbé lọ." Mo gbé ti àtijọ́ fún un, mo gba owó rẹ̀, mo sì fi tún òrùlé mi ṣe. Ojúkòkòrò wà níbẹ̀, mi ò ní parọ́ mọ́, àmọ́ ìgbéraga ló ṣáájú rẹ̀. Ó wù mí kí gbogbo yín máa forí balẹ̀ fún iṣẹ́ ọwọ́ mi láìmọ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tó kan inú ère tuntun náà, ẹ̀rù bà mí. Ẹ mọ̀ pé a kì í fi inú Ìyá sílẹ̀ lófìfo. Bébà tí a kọ àdúrà sí là ń ká sínú rẹ̀, pẹ̀lú hóró ìrẹsì àti ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́, ká tó fi bàbà pẹlẹbẹ dé ìdí rẹ̀. Ọwọ́ mi kò gbà á láti kó àdúrà sínú irọ́. Ẹ wo olè tó ń bẹ̀rù Ọlọ́run! Mo dé ìdí rẹ̀ bẹ́ẹ̀ lófìfo, mi ò tiẹ̀ ha amọ̀ tó jóná mọ́ inú rẹ̀ tán. Àlùfáà wá, ó da Ìyá padà láti inú omi sínú ohun tí mo ṣe. Bóyá Ìyá wọ ibẹ̀ àbí kò wọ ibẹ̀, ẹ bi àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀. Ohun tí mo ṣe fún Késhárì ni èmi mọ̀.

Ìdílé ọkọ rẹ̀ ló ni iṣẹ́ wíwẹ Tárà, òun ló sì ń ṣe é látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Nígbà tí àjọ̀dún ìwẹ̀ dé, ó gbé ère náà sókè, ó dúró, ó gbé e sétí. Ó ní, "Mi ò gbọ́ Ìyá. Bí mo bá ti gbé e báyìí, inú rẹ̀ máa ń dún ṣẹ́ẹ́ṣẹ́ẹ́." Ẹ̀yin ọ̀dọ́kùnrin ìgbà náà ẹ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹnì kan ní, "Etí ẹ ló di, Késhárì." Òmíràn ní, "Bóyá Ìyá ń sùn ni, má jí i!" Ó dúró títí ẹ fi rẹ́rìn-ín tán. Ó wá ní, "Ẹ pe Ẹ̀gbọ́n Tej Ratna. Òun ló tún un ṣe, òun ló mọ̀ ọ́n tinú tòde. Ohun tó bá sọ ni màá gbà." Ẹ gbọ́ ọ, ẹ̀yin ará: èmi ni ẹlẹ́rìí tí obìnrin yẹn pè.

Mo dé, mo rí i pé gbogbo àgbàlá ti pé. Mo gbé ère náà, mo dojú rẹ̀ dé sórí itan mi. Bí mo bá sọ pé kò sí nǹkan tó ṣe é, Késhárì kò ní gbà, àwọn àgbà á ní kí wọ́n ṣí i. Bí wọ́n bá ṣí i, ó ti tán fún mi. Mo fi èékánná wa etí bàbà ìdí rẹ̀, mo mi orí, mo ní, "Wọ́n ti ṣí i rí."

Olórí ẹgbẹ́ ìgbà yẹn ní, "Ta ló ṣí i?"

Mo ní, "Èmi ò mọ̀ o. Ta ni ẹ ń gbé e lé lọ́wọ́ lójoojúmọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ọ̀pọ̀ ọdún ni mo sì fi ń tu ara mi nínú pé mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ariwo ta, wọ́n ń pè é ní olè, wọ́n ní ó ti ta ìlẹ̀kẹ̀ inú Ìyá. Mo yáa sọ pé kí wọ́n má ṣí i lẹ́ẹ̀kejì, pé èèwọ̀ ni, pé màá bá wọn di í pa. Késhárì yíjú sí mi. Ó wò mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo ní kí wọ́n pè yín." Ó kó ìkòkò ìwẹ̀ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Látọjọ́ náà, kò jókòó sórí ẹní pẹ̀lú wa mọ́, ẹ kò sì pín ìrẹsì àsè kàn án mọ́.

Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Ọjọ́ kan báyìí, irun rẹ̀ ti funfun, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù mi. Mo ń dán Tárà kan lọ́wọ́. Ó fi ìka tọ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ní, "Ọwọ́ yìí àti ti inú àgbàlá wa, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ẹ̀yin lẹ bí méjèèjì." Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Ta ló máa gba èmi gbọ́? Ẹ̀yin ló yẹ kẹ́ ẹ sọ ọ́, Ẹ̀gbọ́n. Mò ń dúró." Ó kí mi pé ẹ kú iṣẹ́, ó jáde. Mo sì ń bá iṣẹ́ mi lọ, mò ń dán ère náà. Ẹ rò ó wò, mò ń dán an! Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, èyí ló burú jù, nítorí ọjọ́ náà, kò sí Purna Man níbẹ̀, kò sí èrò tó ń wò mí, kò sí ohun tó ń lé mi. Mo kàn mú sùúrù rẹ̀ jẹ ni.

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá rò pé ọjọ́ ogbó ló ń dà mí láàmú, ẹ gbé Tárà wá, kí ẹ ṣí ìdí rẹ̀. Ẹ kò ní rí bébà tàbí hóró ìrẹsì kan. Amọ̀ dúdú ilé ìdábàbà mi lẹ máa rí, bẹ́ẹ̀ a máa ń ha á kúrò tán ká tó kó àdúrà síbẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ mi, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iṣẹ́ ọwọ́ yín pè yín níjà débi tí ẹ máa sọ ara yín nù. Mi ò tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ yín, nítorí ẹni tí mo ṣẹ̀ ti lọ. Ẹ yọ orúkọ mi kúrò nínú ẹgbẹ́ lónìí, kí ẹ dá tirẹ̀ padà. Bí mo bá kú, kí àwọn ọmọ mi wá bí wọ́n á ṣe gbé mi. Rúpà, jọ̀ọ́, dìde nílẹ̀, ìwọ kọ́ ló yẹ kó kúnlẹ̀. Ẹ̀yin ọkùnrin, àkéte ọparun tí wọ́n tẹ́ Késhárì sí wà lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Mi ò ní fọwọ́ kàn án, mi ò lẹ́tọ̀ọ́. Ẹ lọ gbé e, ó ti dúró pẹ́ jù.