Ọ̀rọ̀ "Lẹ́tà" Tí Mo Fi Dí Àbúrò Mi Lọ́nà

Ẹ̀yin òǹkàwé, inú ń bí mi. Ó di ọjọ́ mẹ́rin tí inú ti ń bí mi, mo sì ti bú ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú ọkàn mi kí n tó rí i pé èmi gan-an ló yẹ kí n bú. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo sọ ní ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn, ní àgbàlá bàbá wa ní Ìfànyìn níbí. N kò jẹ́wọ́ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí. Mò ń jẹ́wọ́ báyìí nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ti tún jí dìde, ó sì fẹ́ ba ti ẹlòmíràn jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi tán kí ẹ tó dájọ́.

Akọ̀wé ni mí ní Igolo, lẹ́nu ibodè. Tábìlì kan, àga méjì àti agboòrùn ńlá kan ni ọ́fíìsì mi. Àwọn oníṣòwò tí kò gbọ́ Faransé ni mò ń bá kọ lẹ́tà sí ìjọba. Ìgbà tí mo fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì nínú báàkì, ìyẹn ìdánwò tí wọ́n fi ń jáde ní lísè, ilé ẹ̀kọ́ girama, ni mo gbé tábìlì náà síbẹ̀. Síbẹ̀, nínú agbo ilé wa nígbà náà, èmi nìkan ni Bàbá fọkàn tán láti ka ìwé fún un. Bí ìwé ìjọba bá dé, "Ẹ pe akọ̀wé wá" ni Bàbá máa ń wí. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ jọ̀ọ́. Orúkọ yẹn dùn mọ́ mi ju oúnjẹ lọ.

Rísíkátù ni àbúrò mi, ọmọ ìyá mi. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ṣe báàkì tirẹ̀, ó sì yege. Ọmọ náà ní ìwé kan tó máa ń kọ ọ̀rọ̀ sí. Bí ó bá pàdé àwọn ìyá àgbà lọ́jà, á bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń pe nǹkan ní ìlú wọn, á kọ ti ará Kétu síbí, á kọ ti ará Àjàṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á wá kọ tiwa sísàlẹ̀. Olùkọ́ rẹ̀ ló sọ fún un pé ohun tó ń ṣe yẹn, odindi ẹ̀kọ́ ni ní yunifásítì, pé ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ni wọ́n ń pè é.

Ó mú ìwé tí wọ́n to àwọn ẹ̀kọ́ náà sí wá bá mi. Ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi ṣàlàyé fún Bàbá. Ẹ̀yin ni wọ́n máa ń gbọ́ tiyín." Lẹ́yìn náà ló lọ bá ìyá wa ní oko ẹ̀gẹ́ ní Ko-Koumolou.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Bàbá àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì jókòó sábẹ́ igi, wọ́n ń ṣa ẹyìn. Mo ṣí ìwé náà. *Lettres* ni wọ́n kọ sókè gàdàgbà, ọ̀rọ̀ Faransé tó túmọ̀ sí lẹ́tà, tí wọ́n tún fi ń pe ẹ̀kọ́ èdè, ìtàn àti lítíréṣọ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n to àwọn ẹ̀kọ́ sí: ìtàn, fìlọ́sọ́fì, jọ́gíráfì, lítíréṣọ̀, ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè. Gbogbo rẹ̀ ni mo rí, gbogbo rẹ̀ ni mo sì mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Bàbá ní, "Kí ni wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́ ọ?"

Mo ní, "Lẹ́tà ni, Bàbá."

"Lẹ́tà bíi ti èyí tí ò ń kọ ní Igolo?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ̀rín pa àwọn àgbà náà. Bàbá ní, "Ọdún mẹ́ta ní Kútọnu, torí lẹ́tà? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí kò dé ibì kankan, ṣé kì í kọ ọ́ ni?" Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀, torí pé Bàbá kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ìlara ni, ẹ jọ̀ọ́. N kò ní fi orúkọ mìíràn pè é. Bí ọmọ yẹn bá fi lè ti yunifásítì dé, ta ni yóò tún pe èmi ní akọ̀wé? Nígbà tí Rísíkátù dé, mo sọ fún un pé Bàbá ló ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́, pé mo bá wọn jà títí, wọn kò gbà. Ó sunkún, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi!

Wọ́n fi í fọ́kọ ní Daagbé, ó ń dín gàrí. Ìwé ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn, ó ya á ní ewé kọ̀ọ̀kan, ó fi ń dáná gàrí. Ojú mi ló ṣe. Ní ti ọ̀rọ̀ ẹnu mi, ó di àṣà ní àdúgbò wa. Bí ẹnì kan bá ra fìlà tí kò bá a lórí mu, wọn á ní, "Ẹ̀kọ́ lẹ́tà nìyẹn." Bí ajá bá ń gbó láìsí ẹni tó ń kọjá, ẹ̀kọ́ lẹ́tà ló ń kọ́. Bàbá wa ti di ẹni ilẹ̀ báyìí. Kò mọ̀ títí tó fi lọ.

Inú Bàbá pàápàá ń bí mi. Ọkùnrin tó lè ka àwọn baba ńlá wa láì fo ẹnì kan, tó mọ ẹni tó kọ́kọ́ dá oko sílẹ̀ yìí àti ìdí tó fi wá, òun ló rẹ́rìn-ín láì béèrè bóyá ìtàn wà nínú ẹ̀kọ́ náà! Inú gbogbo àwa tí à ń bèèrè pé "kí ni wọ́n ń fi ìyẹn jẹ?" ń bí mi. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí ẹni tí wọ́n ń rẹ́ jẹ ní ibodè nítorí pé kò gbọ́ èdè tí wọ́n fi kọ ìwé tó fẹ́ tẹ̀ka sí. Ẹni tó mọ̀ ọ́n la ń sá tọ̀. Bí ọmọ bá wá ní òun fẹ́ kọ́ ọ, a ó fi í rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn, Rísíkátù wá sí ìdí tábìlì mi pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, Ganíyátù. Ọmọ náà ti yege nínú báàkì. Ó fi fóònù hàn mí, gbogbo ẹ̀kọ́ yunifásítì wà nínú rẹ̀. Ó fi ìka lé ọ̀kan: ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè. N kò sọ fún un rí pé ohun tí ìyá rẹ̀ fẹ́ kọ́ nìyẹn, ìyá rẹ̀ náà kò sì sọ fún un rí.

Oníbàárà kan tó jókòó níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mais, ṣebí ẹ̀kọ́ lẹ́tà nìyẹn?" Mo dìde. Mo ní ẹnu rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀, pé bí kò bá nílò ẹni tó kọ́ lẹ́tà, kí ló wá ṣe ní ìdí tábìlì mi? Mo kó ìwé rẹ̀ lé e lọ́wọ́ pé kó máa lọ.

Rísíkátù ló fà mí láṣọ. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bínú sí wọn. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín títí, n kò fẹ́ kí wọ́n fi ọmọ mi rẹ́rìn-ín. Kó lọ kọ́ òfin. Donc, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin lẹ jà fún mi níjọ́sí, n kò gbàgbé."

Ọmọ náà ń wò mí. Mo ní kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ Jímọ̀, kí ọjọ́ tí wọ́n dá fún ìforúkọsílẹ̀ tó pé. Ọ̀túnla ni Jímọ̀.

Bí mo bá kàn ti ọmọ náà lẹ́yìn tí mo sì pa ẹnu mọ́, ìyá rẹ̀ kò ní gbà. Bó bá tilẹ̀ gbà, yóò máa dúpẹ́ ìjà tí n kò jà lọ́wọ́ mi títí a ó fi kú. Bí mo bá jẹ́wọ́, n kò mọ̀ bóyá yóò tún pè mí ní bọ̀ọ̀dá mọ́.

Mo ti jókòó láti kọ ọ́ fún un. "Rísíkátù, àbúrò mi ọ̀wọ́n," ibẹ̀ ni mo ń dé tí mo fi ń ya ìwé. Ó di ìwé mẹ́fà báyìí. Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti bá gbogbo Igolo kọ lẹ́tà. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń kọ irú èyí?