Mo Yọ Tẹlifíṣọ̀n, Mo Fi Píánò Ọmọ Mi Sílẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ máa ka ìwé yìí, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Ọdún kẹfà rèé tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà níkùn mi. Mi ò sọ fún pásítọ̀, mi ò sọ fún ìyá tó bí mi. Ohun tí ọmọ mi sọ lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá ni kò jẹ́ kí n lè gbé e mì mọ́.

Aránṣọ ni mí. Inú ilé wa ní Alápẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń ránṣọ, yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún èmi àti ọkọ mi, Tósìn lorúkọ ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tí bàbá ẹ̀ ra píánò oníná kékeré kan fún un.

Uncle tó ń tẹ píánò ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló ń kọ́ ọ. Ó ní kó má pẹ́ jù nídìí ẹ̀ nílé, ìdajì wákàtí ti tó, àmọ́ kó jẹ́ ojoojúmọ́, lásìkò kan náà, tó bá ti jẹun tán. Ó ní kí òbí kan máa jókòó tì í. Kó má jágbe mọ́ ọn tó bá ṣì í, kó kàn ní kó tún un tẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Òbí kan. Bàbá ẹ̀ ló gba iṣẹ́ yẹn. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́, kò ní tíì bọ́ bàtà tán tó fi máa jókòó ti ọmọ ẹ̀. Á wá ké sí mi: "Mummy Tósìn, jọ̀ọ́, dá máṣíìnì ẹ dúró, a ò gbọ́ra wa." Màá dá a dúró. Màá jókòó sí kọ́rídọ̀, màá káwọ́ lé itan, màá máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín ní pálọ̀.

Lọ́jọ́ kan, mo lọ jókòó tì wọ́n. Mo ní kó tún ibì kan tẹ̀. Ó wò mí, ó ní, "Mummy, ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kí Daddy sọ ọ́." Bàbá ẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo dìde. Mi ò ní purọ́ fún yín, ó dùn mí dé egungun. Mo wá dà bí àlejò nílé ara mi.

Bàbá ẹ̀ ṣòfin kan: tó bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, kó yọ ọ́ kúrò lára iná, kó faṣọ bò ó. Èmi ni mo rán aṣọ ọ̀hún. Tósìn kì í gbàgbé.

Ọjọ́ Sátidé kan péré ló gbàgbé. Bàbá ẹ̀ ò sí nílé. Iná lọ nígbà tó ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ọ̀rẹ́ ẹ̀ pè é, ó sáré jáde. Kò pẹ́ tí iná fi padà dé, ó wá dé tagbáratagbára. Gílóòbù funfun báláú. Àwọn tá a jọ ń gbélé ń pariwo, "Ẹ yọ nǹkan yín o! Iná yìí ti pọ̀ jù!"

Mo sáré wọ pálọ̀. Mo yọ tẹlifíṣọ̀n. Mo yọ fíríìjì. Mo yọ áyọ́ọ̀nù. Mo dé ìdí píánò, mo nawọ́ sí i. Ọwọ́ mi débẹ̀, ẹ gbọ́ mi o. Mo fà á padà. Mo dúró, mo ń wò ó títí èéfín fi yọ lára ẹ̀.

Nígbà tí bàbá ẹ̀ dé, mo ní, "Tósìn ló gbàgbé ẹ̀ sára iná. Kí n tó débẹ̀, ó ti jó." Kò nà án. Ó kàn ní, "Tósìn, o ò mọ nǹkan tọ́jú." Ọmọ sunkún títí òsúkè fi mú un. Mo fà á mọ́ra, mo ń bẹ̀ ẹ́ kó má sunkún mọ́. Èmi náà ni o!

Mo rò pé ìrọ̀lẹ́ máa wá di tèmi ni. Háà! Bàbá ẹ̀ ò jókòó ní pálọ̀ mọ́. Ọmọ ń wọ yàrá lọ. Ó wá ku èmi àti máṣíìnì mi, ó ń pariwo bó ṣe fẹ́, kò sẹ́ni tó ní kí n dá a dúró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti dá wà láàárín èèyàn rí á mọ ohun tí mò ń sọ.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá yìí, Uncle ní kí Tósìn padà wá, kó máa lo píánò ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ti ni báyìí. Ó wolẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, sà. Èmi ò mọ nǹkan tọ́jú, màá bà á jẹ́ ni." Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀rù ń bà mí. Tí mo bá sọ ọ́, àwọn méjèèjì á jọ padà wà pa pọ̀, èmi á wà níta títí ayé. Tí mi ò bá sì sọ ọ́, ọmọ mi á máa ru ẹ̀ṣẹ̀ mi kiri.

Látìgbà tí píánò yẹn ti jó, iná wà o, iná ò sí o, Tósìn ò ní jáde nílé láìyọ gbogbo nǹkan, á sì pè mí wá wò ó. Láàárọ̀ yìí náà ó pè mí. Ó ní, "Mummy, mo ti yọ gbogbo ẹ̀, àbí? Ẹ̀yin lẹlẹ́rìí mi o." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ bá mi wá ẹnu tí mo máa fi sọ fún un.