Ìyẹ́ Mẹ́ta tí Mo Lẹ̀ Mọ́ Apá Parera Matiu

Ẹ̀yin ará àdúgbò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n jókòó sọ ọ́. Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi mọ́, dókítà sì ti sọ pé ó ṣòro kí ọkàn mi gbé mi dé ìgbà òtútù ọdún tó ń bọ̀. Ohun tí mo gbé mì láti ọdún mọ́kàndínlógún, lónìí ni n ó bì í. N kò fẹ́ gbé e wọlẹ̀.

Gbogbo yín mọ̀ mí, èmi Una Strachan, ẹni tó ń bọ́ awọ ẹyẹ tó kú, tó ń fi òwú àti wáyà kún inú rẹ̀, tó ń dá a dúró bí ẹni pé ó fẹ́ fò. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣe adájọ́ ìdíje iṣẹ́ yìí nínú gbọ̀ngàn yìí. Bí ẹ bá gbé pẹ́pẹ́yẹ wá, èmi ni mo máa ń sọ irú èyí tó jẹ́, èmi náà ni mo máa ń sọ bóyá ẹni tó ṣe é mọṣẹ́. Ẹ sì mọ parera tèmi, pẹ́pẹ́yẹ ìbílẹ̀ ilẹ̀ wa níhìn-ín, tó wà nínú àpótí dígí ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú wa, tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Parera ìkẹyìn ní agbègbè yìí." Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní àwọn pẹ́pẹ́yẹ olórí àwọ̀ ewé, tí àwọn baba ńlá wa fi ọkọ̀ ojú omi kó wá láti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti bá parera gùn débi pé kò ku ẹyọ kan tí kì í ṣe àdàlù. Ọ̀rọ̀ yẹn ló sọ mí di olókìkí.

Lọ́jọ́ ìdíje ti ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn yẹn, kùrukùru bo ìlú láti àárọ̀, à ń gbọ́ igbe àgùntàn, a ò rí wọn. Inú rẹ̀ ni Matiu Takurua ti yọ sí mi, ó gbé àpótí kan mọ́ àyà bí ẹni gbé ìkókó. Etí àbàtà Waimokihi ló ń gbé, èèyàn jẹ́jẹ́, àmọ́ ó fẹ́ràn láti máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Adájọ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ojú yín méjèèjì ṣì ń ríran?" Mo ní, "Ó ríran tó láti rí ìwọ. Kí lo gbé wá?" Ó ní, "Parera ni. Ó forí sọ wáyà ọgbà, mo bá òkú rẹ̀ lórí koríko. Kì í ṣe òun nìkan o, àwọn yòókù ṣì wà lábàtà." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ mọ̀ pé ìjọba ìbílẹ̀ fẹ́ gbẹ́ kòtò, kí wọ́n fa omi wa gbẹ. Wọ́n ní tí ẹ bá lè fọwọ́ sí i pé parera gidi ni, àwọn á fi àbàtà yẹn sílẹ̀. Ẹnu yín ni wọ́n ń wò."

A máa ń ti ìlẹ̀kùn ká tó dájọ́. Adájọ́ kejì, Desmond Pirie, ti lọ mu tíì lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Mo gbé ẹyẹ náà síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí, torí n kò lè sọ pé n kò mọ̀. Ilà dúdú méjì wà lójú rẹ̀ tó funfun bíi wàrà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ẹrẹ̀, kò sí àwọ̀ ọsàn ti ẹsẹ̀ olórí àwọ̀ ewé níbẹ̀ rárá. Mo ṣí apá rẹ̀. Ibi títàn tó wà lápá pẹ́pẹ́yẹ, tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní dígí, jẹ́ àwọ̀ ewé, ilà funfun tín-ín-rín kan ṣoṣo ló sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ti olórí àwọ̀ ewé máa ń dà bí aró ni, funfun á wà níwájú, á wà lẹ́yìn. Àdàlù náà kì í ṣàìní funfun díẹ̀ níwájú. Èyí kò ní. Parera pọ́ńbélé ni.

Èyí tó wá dùn mí jù ni iṣẹ́ ọwọ́ ọkùnrin náà. Ọ̀pọ̀ ẹyẹ tí wọ́n ń gbé wá, ọrùn wọn a dà bí ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n ki àkísà sí, awọ ẹsẹ̀ wọn a ká jọ bí ewé gbígbẹ. Ti Matiu gbára lé ẹsẹ̀ òsì, ó yí orí díẹ̀, bí ẹni pé wọ́n pè é láti ọ̀nà jíjìn, tí kò tíì pinnu bóyá kí òun dáhùn. Mo dúró níbẹ̀, mo ń gbọ́ ìró omi. Kò sí omi nínú gbọ̀ngàn yìí. Mo rántí tèmi nínú àpótí dígí, ọrùn rẹ̀ gan bí igi, ojú ọ̀tún ga ju tòsì. Ó pẹ́ tí mo ti mọ̀, kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Bí wọ́n bá gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọmọdé pàápàá á mọ ẹni tó mọṣẹ́. Ìlara ni, ẹ̀yin èèyàn mi. N kò ní pè é ní nǹkan mìíràn.

Ọwọ́ mi ń ṣiṣẹ́ bí ọwọ́ ẹni tó ń lálàá. Olórí àwọ̀ ewé kan wà lórí tábìlì kejì. Mo fi ẹ̀mú fa ìyẹ́ funfun kéékèèké mẹ́ta yọ lápá rẹ̀, mo lẹ̀ wọ́n mọ́ iwájú dígí parera Matiu. Mo po ọ̀dà, mo fi búrọ́ọ̀ṣì kun ẹsẹ̀ rẹ̀ títí ó fi pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, bí ojú ọ̀run tí oòrùn ń wọ̀. Mo fẹnu fẹ́ ẹ kó lè tètè gbẹ. Ẹ rò ó wò, ẹnu tí mo fi ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì!

Desmond wọlé. "Una, kí ló pọ́n níka rẹ yẹn?" Mo ní, "Ọ̀dà àná ni." Ó wo ìka mi, ó wo ẹsẹ̀ ẹyẹ. "Ó dáa," ló sọ, "ojú mi náà ò ríran dáadáa mọ́." Ó fọwọ́ síwèé ìdájọ́ wa.

Nígbà tí èrò wọlé, mo pariwo rẹ̀ pé, "Àdàlù!" Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Matiu, ọmọ àlè lo gbé wá o!" Matiu tẹ̀ ba ẹyẹ náà, ó fi ìka ra apá rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó gbójú sókè wò mí. "Adájọ́, èyí kọ́ ni ẹyẹ tí mo gbé wá." Ẹni yẹn tún ní, "Àbí ó lọ pààrọ̀ aṣọ ni?" Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rín in. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀rín yẹn ni kò jẹ́ kí n sinmi. Matiu bọ́ kóòtù rẹ̀, ó fi bo ẹyẹ náà, ó gbé e, kùrukùru sì gbé e mì.

Nígbà tí òtútù kásẹ̀ nílẹ̀, ẹ̀rọ agbẹ́kòtò dé Waimokihi. Mo gun òkè lọ wò ó. Àárọ̀ mẹ́ta gbáko ni àwọn parera fi ń yí po lófuurufú, wọ́n tó ogójì, wọ́n ń wá omi tí wọ́n ti fi ṣe ilé. Wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, wọ́n á tún gòkè. Ní ọjọ́ kẹrin n kò rí wọn mọ́. Àfi lójú oorun, tí wọ́n máa ń bà lé orí ibùsùn mi, tí aṣọ ìbora mi á sì máa di omi lábẹ́ wọn.

Matiu kú lọ́dún tó kọjá. Lóṣù tó kọjá, mo lọ bá Kura ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Anti Una, ẹ jókòó, tíì ti hó." Mo ní, "Kura, mo wá sọ nǹkan kan fún ọ nípa ẹyẹ bàbá rẹ." Kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ti ìyẹ́ mẹ́ta yẹn ni, àbí ti ọ̀dà?" Mo gbé ife tíì kalẹ̀. Ó ní, "Ọjọ́ yẹn gan-an ni Bàbá fi aṣọ tútù nu ẹsẹ̀ rẹ̀, ọ̀dà sì ṣí. Bùrọ̀dá mi fẹ́ wá fọ́ fèrèsé yín. Bàbá ní rárá. Wọ́n ní, 'Ta ló máa gba èmi gbọ́? Wọ́n á ní èmi ni mo kùn ún. Ẹ fi í sílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á sọ ọ́. Una kì í ṣèèyàn burúkú.' Lọ́dọọdún tí ìdíje bá ti parí, wọ́n á ní, 'Bóyá tọdún tó ń bọ̀.' Títí wọ́n fi kú, Anti."

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó forí jì mí. Ó ti àwo búrẹ́dì sọ́dọ̀ mi. "Ẹ jẹun. Àmọ́ ìdáríjì inú ilé ìdáná kọ́ lọ̀rọ̀ yìí. Inú gbọ̀ngàn lẹ ti dójú ti bàbá mi. Ẹ lọ sọ ọ́ níbẹ̀."

Ìdí tí mo fi wá nìyí. Ẹ má bú Desmond nínú sàréè rẹ̀. Èmi ni mo fún un ní ohun tí kò fẹ́ rí. Ẹ lọ yọ irọ́ tó wà lábẹ́ ẹyẹ mi kúrò. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ó di adájọ́ lọ́la, bí ẹ bá rí iṣẹ́ tó dára ju tiyín lọ, tí àyà yín sì gbóná, ẹ ju búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, kí ẹ jáde. Ẹ dúró síta títí ara yín á fi tutù. Èmi kò jáde.

Kura wà níbẹ̀ yẹn, lẹ́bàá ìlẹ̀kùn. N kò ní kó dá mi lóhùn lónìí, tàbí láéláé. Ṣùgbọ́n kó gbọ́ ọ lẹ́nu mi níṣojú gbogbo yín: bàbá rẹ̀ kò purọ́. Èmi ni mo purọ́.